Ẹ̀rọ Tó Ń Kíni Láìsinmi

Eleko,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Rùkáyàt, ọmọ mi àtàtà,

Às-sàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara àwọn ọmọ yá gágá? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ibi mọ ọ̀nà ilé yín ní Thomas Estate o, nítorí géètì nìkan ni gétìmáànù lè ṣọ́, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ìyókù. Èmi àti ìyá rẹ kò ṣàìsàn, àfi orúnkún mi tó máa ń ro mí bí òjò bá ṣú. Mo fi lẹ́tà yìí rán Mọ̀nsúrát pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, torí pé ẹ̀rọ tí o fún wa kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn, ọ̀rọ̀ tèmi kò sì kúrú.

Rùkáyàt, a ti ṣẹ́gun! Kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná kí n tó bẹ̀rẹ̀.

O rántí ọjọ́ tí o gbé rédíò náà wá, tí o so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àti bátìrì ọkọ̀, tí a ri ọparun áńtẹ́nà mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná. O ní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù bá tilẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ yóò máa dé inú irú rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ ní pákẹ́ẹ̀tì-pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ní ègé wẹ́wẹ́. Bí o ṣe lọ tán ni ìyá rẹ to ẹja sínú páálí, ó gbé e ti rédíò, ó ń retí kí ó gbé e lọ bá ọ. Ológbò ló bá wa jẹ ẹ́. Ìjọba pàápàá fún mi ní orúkọ tuntun tí n ó máa jẹ́ lórí rédíò, lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, láìpa àgbò, láìpe àlùfáà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ lóòótọ́, tó sì lo ọjọ́ mẹ́jọ láìdé, ẹ̀rọ kò jíṣẹ́. Akínbọ̀dé aládùúgbò wa bá ń sọ kiri pé ọparun mi ló ń lé ẹja lọ. Ó gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, Baálẹ̀ sì ní bí a kò bá rí àǹfààní rẹ̀ títí di ìrun Jímọ́ọ̀, kí wọ́n gé e lulẹ̀. Ó dùn mí wọra, torí òógùn ojú rẹ ni o fi rà á, kí o lè máa gbúròó wa.

Mo ti wá mọ ohun tí mo ń ṣe tí ẹ̀rọ kò fi jíṣẹ́. O ti sọ fún mi pé bí ẹ̀rọ mi bá ké kíírr, ó ń kí ẹ̀rọ tìrẹ ni, bí tìrẹ kò bá sì dáhùn, yóò tún kí i títí yóò fi dáhùn. Mo ní ẹ̀rọ yìí gba ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan máa kíni nínú pálọ̀ mi, kí èmi Ìsmáílà wá dákẹ́ bí ẹni tí a kò kọ́? Bó bá ti ké, màá gbá máìkì mú, màá tẹ̀ ẹ́, màá kí i padà, màá bèèrè ilé, màá bèèrè ọmọ. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ló ń bọ́ lé ohùn rẹ̀ lórí, tí ọ̀rọ̀ fi ń fọ́ sójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a kò rí Ishaq, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Akínbọ̀dé bí, àti Hakeem tí wọ́n jọ gbé ọkọ̀ lọ sókun láti Ọjọ́rú. Ẹkún sọ ní etíkun. Akínbọ̀dé wọlé tọ̀ mí wá, fìlà lọ́wọ́, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ yẹn lè sọ̀rọ̀. Ìjà tán lọ́kàn mi. Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́ pé Ishaq àti Hakeem kò tíì dé láti òkun, kí o bá wa wá wọn.

Ẹ̀rọ ké. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi máìkì nígbà tí ìyá rẹ já a gbà, ó yọ wáyà rẹ̀, ó jù ú sínú ike gàrí, ó sì jókòó lé ike náà. Ó ní kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kí, kí n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń kí dáhùn. Ẹ̀rọ tún ké, mo gé ètè jẹ. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan kan sì ké padà láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ bá jáde lójú kọ̀ǹpútà pé o ti gbọ́. Rùkáyàt, mo sunkún.

Kò pé wákàtí méjì tí o ránṣẹ́ padà pé Ọlákẹ́mi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone ti rí wọn. Ẹ́ńjìnnì ló kú, ìgbì sì gbé wọn gúnlẹ̀ sí etíkun ọ̀hún, níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àwọn òṣìṣẹ́. Akínbọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún rédíò. Ìyá rẹ ní kó dìde, rédíò kò lọ́wọ́ tí yóò fi gbé e nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Baálẹ̀ fẹsẹ̀ ara wọn wá, gbogbo ìlú tẹ̀ lé wọn. Kò sẹ́ni tó mú àdá dání. Akínbọ̀dé ló ń rọ iyanrìn sí ìdí ọparun, òun náà ló ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ó ti rẹ bátìrì, nítorí náà fi owó bátìrì mìíràn ránṣẹ́, kí o sì fi ti ike gàrí tuntun sí i, torí ìyá rẹ kò gbà kí máìkì jáde nínú ti àtijọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o pè kí a má dá ọ lóhùn. Kí ohùn ọ̀tá má bọ́ lé ọ̀rọ̀ ire rẹ lórí. Dáhùn lẹ́tà yìí o. Bí o kò bá dáhùn, bí ẹ̀rọ rẹ ti kọ́ mi ni màá ṣe: màá tún un kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, màá tún fi rán Mọ̀nsúrát, títí o ó fi dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìsmáílà, tí ìjọba tún sọ lórúkọ.