Àpò Tí O Rán Sí Abẹ́ Apá Mi

Ilé Bàbá Morọ́lá,
Ìdí Kajú, Òkè-Ìrókò,
Lẹ́bàá Ìkọ́lé-Èkìtì.

Morọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Fọlárìn ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Jakande, títí kan obìnrin òkè yẹn tó máa ń da omi sórí aṣọ tí ẹ sá. Ọlọ́run tó ń mú ọ wọ ọjà Aswani tó sì ń mú ọ jáde láìsọnù, kò ní sú u láti máa ṣe é. Ní ti ìlera tèmi, ara mi le. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an nìyẹn, wàá sì rí ìdí rẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà yìí tán.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. O pè títí, mi ò gbé fóònù. Fọlárìn fi ọkọ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n wá gbé mi lọ bá dókítà, mo ní kí awakọ̀ máa padà lọ. Ó ti ròyìn fún ọ pé ojú òun ni Bàbá Fẹ́yìsetán ọ̀rẹ́ mi ṣe ṣubú tí ó sì kú, o wá rò pé ọ̀fọ̀ ló dá mi dúró, pé mo jókòó síbí pẹ̀lú ọkàn tó fẹ́ kú, tí mò ń ṣe agídí. Kì í ṣe agídí, ọmọ mi. Ọkàn tí dókítà rí nínú ẹ̀rọ kì í ṣe tèmi. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí tí mo bá fi òpin ṣáájú, mi ò ní lè kọ ìyókù.

Ṣé o rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ṣógúnlé? Mo rí ọ tí ò ń rán àpò sí ibi tí ojú kò lè tó, inú ìbàdí yẹ̀rì, inú apá bùláòsì, abẹ́ kọ́mú. Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ nínú ara mi pé lẹ́yìn gbogbo owó ilé-ìwé, àwọn tó ń yọwó lápò èèyàn ní Òṣòdì ni ọmọ mi wá ń ránṣọ fún. Mo gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó bi ọ́. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ, o wá fi ọmọbìnrin báńkì kan hàn mí tó ń gbé ẹ̀rọ ìtọ̀ ṣúgà sára, tí aṣọ tí o rán kò jẹ́ kí oníbàárà kankan mọ̀, àti tíṣà kan tí wọ́n so àpò mọ́ níkùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwájú kíláàsì bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo ní ah, iṣẹ́ àánú ni. Mo sì sọ ààwẹ̀ náà di ọpẹ́ fún Ọlọ́run.

Nígbà tí Dókítà Ọmọ́lẹ́wà wá ní kí n máa gbé ẹ̀rọ láyà nítorí òòyì tó ń kọ́ mi, ìwọ náà rí i pé mo kọ̀. Mo ní mi ò lè gbé wáyà kọ́ àyà wọ Òkè-Ìrókò bí rédíò tí wọ́n tú. Èmi Bàbá Ìjọ, wọ́n á ti máa wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga mi kí n tó kú. O kò bá mi jiyàn. O kàn lọ ra aṣọ rírọ̀ ní Aswani, o rán síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti aláwọ̀ búlúù fún mi, o fi àpò sí abẹ́ apá òsì, o lu ihò kékeré fún wáyà, o sì fi ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀ yẹn pa ẹnu àpò dé. Nígbà tí mo wọ bùbá lé e, Fọlárìn yí mi po, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé o yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà yọ̀.

Nílé níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí àṣírí fẹ́ tú ni ọjọ́ ìsinmi tí mo fẹ́ yẹ iná ẹ̀rọ náà wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa ẹnu àpò yẹn nígbà tí pásítọ̀ ní kí a dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa. Ó dún fàà. Gbogbo ìjọ yíjú sí mi, wọ́n rò pé ṣòkòtò mi ló ya. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Fọlárìn ní ẹ̀rọ náà ń ránṣẹ́ sí dókítà láti ibikíbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, nítorí náà mo ṣọ́ra. Mo jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Mi ò bú káńsílọ̀ wa mọ́. Tí mo bá fẹ́ jẹ pọ̀nmọ́, mo máa ń kọ ẹ̀gbẹ́ òsì sí ògiri. Láàárọ̀ mo ń kí i, mo ń ní dókítà ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá mi kí àwọn nọ́ọ̀sì. Mo sì rò pé oògùn ni. Ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ èèyàn láyà ní ọsibítù, kí ló tún lè jẹ́? Nígbà tí òòyì náà rọlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

O mọ bí èmi àti Bàbá Fẹ́yìsetán ṣe jẹ́. Awò ojú kan náà la jọ ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá ka ẹsẹ Bíbélì tán, màá yọ ọ́, màá na án sí i, òun náà yóò ka tirẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn ibà, ó máa ń dá ìlàjì sí fún mi, bóyá ibà ń ṣe mí bóyá kò ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe dàgbà. Nígbà tí ó wá ń sọ fún mi pé òòyì ń kọ́ òun lóko, pé òun máa ń fara ti ọkọ́ kí ilẹ̀ tó dúró, kò sí ọ̀nà tí mo fi lè gbé ìwòsàn sára kí n máa wo ọ̀rẹ́ mi níran. Èmi ni aláìsàn tó lọ́mọ ní Èkó, òun kò ní ju Fẹ́yìsetán lọ, Fẹ́yìsetán náà sì ń wá iṣẹ́. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn sí i lọ́rùn. Mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn láyà bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi ní Èkó, mo ti ẹ̀rọ bọ àpò, mo pa á dé. Láàárọ̀ ni yóò gbé e lọ sóko, tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ màá gbà á padà. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Iṣẹ́ rẹ dára jù, Morọ́lá. Ó ní òun rí ìyàtọ̀. Inú mi dùn pé ó rí ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ni o pè tí ò ń sunkún. O ní dókítà rí i pé ọkàn mi máa ń dúró, kí ó tó tún lù, pé kí n wá kíákíá kí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn sínú àyà mi tí yóò máa ta á jí. O ní ọ̀sán ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé bóyá mò ń ṣiṣẹ́ agbára. Èmi tí mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Kò yé mi, ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀rọ ti mọ̀ jù mí lọ. Ojú mi ni wọ́n ṣe tẹ orúkọ mi sínú rẹ̀. Mo rò pé bíi káàdì ìdìbò ni, pé ibi yòówù tí ó bá wà, àyà ẹnikẹ́ni tí ó bá wà, èmi Olúbọ̀wálé náà ni.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo gba ẹ̀rọ padà, mo ní kí Bàbá Fẹ́yìsetán má bínú, pé tèmi ti burú jù. Kò bínú. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń dúró de ọkọ̀, òun ni ó ń tọ́jú mi. Ó ń pọn omi mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ dìde, pé ọkàn mi kò fẹ́ wàhálà. Ó ń jókòó tì mí, ó ń gbàdúrà lórí àyà mi pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí mo ní mi ò lọ mọ́, pé kí n kú sílé, ó ní, "Bàbá Morọ́lá, lọ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Tí o bá kú, ta ni màá máa gba awò ojú lọ́wọ́ rẹ̀?"

Àárọ̀ tí ọkọ̀ dé, o mọ̀ pé ọ̀nà wa ti bàjẹ́, ọkọ̀ kò lè kọjá ìdí kajú. Mo fẹ́ gbé báàgì mi, ó gbà á. Ó ní kí aláìsàn má gbé ẹrù. Ó gbé e sórí, ó ṣáájú mi, ó ń bá mi ṣàwàdà pé tí mo bá dé Òṣòdì kí n di àpò tí ọmọ mi rán mú, kí wọ́n má jí ọkàn mi gbé. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí báàgì bọ́ lórí rẹ̀. Ó ti kú kí awakọ̀ tó sáré dé ọ̀dọ̀ wa. Àyà tèmi, tí wọ́n ní kò dára, kò dẹ́kun lílù, ó ń lù bí ẹni pé yóò jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Nọ́ọ̀sì Títí ti ilé ìwòsàn abúlé wa wá wò mí, nítorí ìwọ ni o bẹ̀ ẹ́. Mo fi ẹ̀rọ hàn án, mo sì sọ pé ó ṣeni láàánú pé Bàbá Fẹ́yìsetán kò lò ó pẹ́, bóyá ìbá gbà á. Ó ní ta ló lò ó? Mo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì fìdí lélẹ̀ lórí àpótí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe oògùn, kò sì mọ orúkọ. Àyà tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ń gbọ́." Ó pe dókítà lójú mi. Wọ́n fi ọjọ́ wé ọjọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wọ̀ ọ́, ọkàn mi ń lù bó ṣe yẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò ló le jù, òun ló ń fa òòyì. Mo bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n jẹ́ kí n fúnra mi sọ fún ọ.

Nítorí náà, kì í ṣe èmi ni dókítà ń pè. Òun ni wọ́n ń pè. Gbogbo ẹkún tí o sun lórí fóònù, òun ló ni ín, ọkọ̀ tí Fọlárìn rán wá, òun ni wọ́n rán an sí, ó sì ń gbé báàgì mi lọ sí ìdí ọkọ̀ náà nígbà tó ṣubú. Ó ń mú mi lọ́kàn le nítorí ikú tí ó wà láyà tirẹ̀. Mo jókòó, mo jẹ́ kí ó pọn omi fún mi.

Mo ti lọ sọ fún Ìyá Fẹ́yìsetán. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Kò lé mi. Ó ní ṣé ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ yẹn ṣì wà níbì kan. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ dókítà. Ó ní ṣé ó ṣì ń lù níbẹ̀? Mo ní màá bi ọ́.

Lọ bá dókítà, ọmọ mi, má fi fóònù ṣe é. Bá mi bi í. Sì bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ orúkọ mi kúrò lórí àwọn ọjọ́ yẹn, kí ó kọ Àbáyọ̀mí síbẹ̀, torí orúkọ tí wọ́n sọ Bàbá Fẹ́yìsetán nìyẹn. Kò dáa kí ọkàn èèyàn máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Bí o bá tún fẹ́ ránṣọ fún àwọn arúgbó bíi tèmi, rán àpò náà síta, fi òwú pupa yí i ká, kí gbogbo ẹni tó bá rí wa lè béèrè. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi ránṣẹ́ sí Ìyá Fẹ́yìsetán kí o tó rántí mi. Bí ó bá ṣẹ́ kù, o mọ̀ pé mi ò ní kọ̀ ọ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ tó dì í mú. Ọjọ́ tí àyà rẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí ẹni tí yóò gbọ́ wà nítòsí, kí ó sì mọ̀ pé ìwọ ni. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúbọ̀wálé.

Mo fi ẹ̀rọ náà rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Inú àpò síńgílẹ́ẹ̀tì búlúù ni mo fi í sí. Mi ò fọ síńgílẹ́ẹ̀tì náà. Ìwọ náà má fọ̀ ọ́.