Ohun Tó Ṣe Igi Ewé Igbó Bàbá Ọkọ Mi

                                        Abúlé Etí Odò Mntafufu,
                                        Lusikisiki.
                                        16 Oṣù Kẹta, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ìyá Lwandile,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ilé ńkọ́? Ṣé orúnkún bàbá Lwandile ti ń gbà wọ́n láyè láti rìn dé oko? Lwandile fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ríṣẹ́, àbí Durban ṣì ń fi í ṣeré? Ẹ kú òjò o, mo gbọ́ pé ó pọ̀ lọ́dọ̀ yín náà. Ara tèmi le, àwọn ọmọ ń jẹun. Ọkọ mi ṣì wà ní Rustenburg níbi ìwakùsà, kò sì tíì sọ ìgbà tó ń bọ̀. Ǹ bá pè yín, àmọ́ orí òkè nìkan ni fóònù wa ti ń mú, gbogbo abúlé ló sì ń gbọ́ ohun tí èèyàn bá sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí òkè.

Ẹ rántí ewé igbó tí mo ń gbìn fún bàbá ọkọ mi látìgbà tí àìsàn egungun wọn ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn ọsibítù ń mú wọn bì, ewé yìí tí mo ń sè bíi tíì nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Ìjọba kúkú ti ní kí oníkálukú gbin ìwọ̀nba tó máa lò nílé, mi ò jí nǹkan kan ṣe. Ewúrẹ́ ló jẹ púpọ̀ nínú ti èṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Àǹtí Nokwezi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti kúrò nílé ọkọ wá sílé, pé kí wọ́n bá mi gbin márùn-ún sínú ọgbà màlúù àtijọ́. Kò sí màlúù níbẹ̀ mọ́, ìgbẹ́ wọn sì ti sọ ilẹ̀ náà di ọlọ́ràá. Ẹ sáà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í wọ ọgbà màlúù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn baba ilé sí, ọmọ ilé ló ń wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọgbà ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa na ọrùn wo nǹkan tí mo ní kí wọ́n bá mi gbìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí òdòdó wọn ku díẹ̀ kó gbó, mo rí i pé méjì ti sorí kọ́. Kì í ṣe òùngbẹ, torí òjò ò dá. Mo ní yìnyín ọjọ́ Àìkú ni, ṣùgbọ́n yìnyín a máa fa ewé ya, ewé wọ̀nyí ò sì ya. Mo ní ewúrẹ́ ni, ewúrẹ́ ò ríbi gbà wọlé. Ọkàn mi wá lọ sórí kòkòrò tó máa ń gbẹ́ inú igi àgbàdo. Mo tún lọ bẹ Àǹtí Nokwezi. Ẹ mọ ẹnu wọn.

"Ìyàwó, ìwọ lo ni oko, èmi lo wá sọ di alágbàṣe rẹ," wọ́n ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti ká aṣọ sókè, wọ́n ti wọlé.

Mo dúró lẹ́yìn ọgbà, mo ní kí wọ́n bá mi wá ihò kékeré lára igi, kí wọ́n sì wo ilẹ̀ bóyá ìyẹ̀fun igi wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí. Mo ní kí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wò.

"Ó rọ̀. Ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

"Èmi? Èmi ọmọ bíbí inú ilé yìí, kí n kúnlẹ̀ máa fínmú sí igi?" Wọ́n fínmú sí i náà. Wọ́n ní ó ń rùn bí omi àgbàdo tó ti kan.

Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ ya koríko ìdí igi náà. Wọ́n ní ẹnìkan ti fi aṣọ di igi náà nísàlẹ̀, níbi tí koríko bò tí mi ò lè rí. Nígbà tí wọ́n tú u, igi ti là láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ̀là igi pẹlẹbẹ kan sì há sáàárín rẹ̀. Wọ́n lọ sí ìdí ìkejì, wọ́n lọ sí ti ìkẹta. Bákan náà ni gbogbo wọn rí, ibi kan náà ni wọ́n sì ti là wọ́n. Kódà àwọn tí ewé wọn ṣì dúró, inú wọn ti dúdú.

"Kòkòrò rẹ nìyí, ìyàwó," wọ́n ní. "Ó ní ọ̀bẹ lọ́wọ́."

Wọ́n na aṣọ náà sí mi lórí ọgbà. Ara ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá ni wọ́n ti ya á, èyí aláwọ̀ ewé tí mo máa ń fọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà àfonífojì yìí máa ń ṣe. Bí òdòdó bá fẹ́ gbó, wọn á la ìdí igi, wọn á fi ẹ̀là igi há a, wọn á dì í, wọ́n ní igi náà á rò pé òun fẹ́ kú, á sì kó gbogbo agbára rẹ̀ sínú òdòdó. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òjò bá ti tán pátápátá ni wọ́n ń ṣe é. Bí omi bá wọ ojú ọgbẹ́ náà, ó parí, aṣọ tí wọ́n fi dì í á tún gba omi dúró. Bàbá ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọgbọ́n yìí níhìn-ín, àwọn ló máa ń bú àwọn ọ̀dọ́ pé wọn ò ní sùúrù. Bàbá mọ̀ pé òjò ò tíì tán. Ohun tó dùn mí ju igi lọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin tí kò lè dá dìde lórí ìjókòó fìdí wọ́ dé ọgbà màlúù nígbà tí a wà lódò, ó sì ṣe ohun tó mọ̀ pé ó lè pa oògùn òun fúnra rẹ̀. Irú ìrora wo nìyẹn? Lójoojúmọ́ tí mo bá kí wọn, wọ́n á ní ó ti sàn díẹ̀, èmi náà á sì gbà. Àṣé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú tí wọ́n ń tu itọ́ funfun.

Àǹtí Nokwezi ló bi wọ́n, torí èmi ò lè bá wọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo dorí kodò. Bàbá ò jiyàn.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Tíì tí ìyàwó ń sè, kò ràn mí mọ́ látìgbà tí àgbàdo tútù ti jáde. Omi gbígbóná lásán ni mò ń mu."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Bàbá?"

"Kí n sọ kí ni? Ọmọ ọlọ́mọ á jí ní kùtùkùtù, á dáná fún mi, kí n wá ní kò dára?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo fẹ́ kó lágbára díẹ̀ sí i ni. Mo rò pé òjò á dá."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín.

A ti gé gbogbo rẹ̀. Òdòdó tí kò tíì bàjẹ́, a sá a sókè ààrò, kò sì kún igbá. Kò lè dé ìgbà òtútù, òtútù ni egungun wọn sì kórìíra jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá Lwandile, bí ti èṣí bá ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n ta wá lọ́rẹ. Ojú ló ń rójú ṣàánú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yìí dúró fún ojú mi. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín àti gbogbo àwọn ará ilé. Ẹ sọ fún Lwandile pé mò ń gbàdúrà fún un.

Ohun kan ló kù. Lánàá, Bàbá ní kí wọ́n pè mí. Wọ́n ní ẹni tó ni igi ni kó wá hú gbòǹgbò rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, inú ọgbà màlúù ni." Wọ́n ní àwọn mọ̀. Mo fi ìborùn bo èjìká, mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wá sílé yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mò ń rọra tẹlẹ̀ nítorí àwọn baba ilé tí wọ́n sin síbẹ̀. Àǹtí Nokwezi di Bàbá mú lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo hú wọn tán, tí mo fẹ́ fẹsẹ̀ ti iyẹ̀pẹ̀ padà, Bàbá na ọ̀pá wọn, wọ́n dá mi dúró.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀. Sọ fún ọkọ rẹ pé ibẹ̀ ni tèmi. Má gbin nǹkan kan síbẹ̀ mọ́."

Mi ò tíì sọ fún un.

                                        Èmi àbúrò yín tí kò rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún,
                                        Nontlahla.