Òkúta Ọ̀run Bàbá Wa

                                        Ilé Ba Haddu,
                                        Tafraout,
                                        Ọ̀nà Rissani.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Itto ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Casablanca níbẹ̀? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ àbígbẹ̀yìn yín lẹ́nu ti rọlẹ̀? Afẹ́fẹ́ òkun yẹn ni mi ò fọkàn tán. Ní tiwa, a dúpẹ́. Ìjì iyanrìn ti ń fẹ́ láti ìjẹta, gbogbo nǹkan sì rí bí ohun tí èèyàn ń wò lójú àlá. Àwọn ràkúnmí tó dúró lẹ́yìn ilé, àfi bíi pé ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá wa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ṣáà rántí pé wọ́n búra níwájú mọ́ṣáláṣí pé àwọn ò ní jókòó sílé títí àwọn yóò fi rí òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ojú wọn ti wá ń ṣe bàìbàì báyìí. Lóṣù tó kọjá, àwọn darandaran ló bá wọn lẹ́yìn òkè, tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tí wọn ò mọ̀nà ilé mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá tún lọ, a lè má rí wọn mọ́.

Síbẹ̀, wọ́n tún lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wọlé, òkúta dúdú kan wà nínú láwàní wọn. Wọn ò jẹ́ kí omi kàn án, ẹ sì mọ̀ pé a kì í wẹ òkúta ọ̀run. Wọ́n gbé e sórí tìmùtìmù àlejò, èmi àti ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Bó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa sọ ọ̀nà tó gbà wá fún mi, bó ṣe ń dá rìn nínú òkùnkùn títí ó fi rí iná ilé wa lókèèrè. Èmi á máa gbọ́, oorun dídùn á máa gbé mi lọ.

Àmọ́ mo ti mọ̀ pé ìdàrọ́ ni, pàǹtí irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ dà nù.

Àná ni Moha tó ń ra òkúta ní Erfoud dé. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣáà sọ pé ọ̀run ni òkúta náà ti wá.

Ó ní, "Tuda, orúkọ mi ni mo fi ń ṣòwò. Mi ò lè purọ́."

Mo mú un wọlé. Ó gbé òòfà sún mọ́ òkúta, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ti ọ̀run ṣe máa ń ṣe, bàbá rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ayùn rẹ́ igun rẹ̀, àṣé ihò wẹẹrẹ ló kún inú bíi búrẹ́dì.

"Bàbá, òkúta ọ̀run kì í níhò nínú báyìí."

"Ó mí lójú ọ̀nà ni. Ìwọ tó o bá já bọ́ láti ọ̀run, o ò ní mí?"

Moha fi í ha ẹ̀yìn táìlì. "Ẹ wò ó, ó fa ilà. Ti ọ̀run kì í sábà fa ilà."

"Ó kàwé ni! Ṣé gbogbo ará ọ̀run ló ya púrúǹtù?"

Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Moha wo bàbá, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí irú èyí lórí tìmùtìmù ẹnikẹ́ni rí."

"Ẹ gbọ́ o!" ni bàbá ké. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fa ọ̀pá ìrìn wọn lé Moha lọ́wọ́, pé ìrìn àwọn ti parí.

Nígbà tó lọ tán, mo ń bu tíì fún wọn. Wọ́n ní, "Tuda, ṣé o rò pé mi ò mọ ìdàrọ́ ni? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń fẹsẹ̀ ta á nù lọ́nà."

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ gbé e wálé?"

Wọ́n ní, "Ojú mi ò lè rí ojúlówó mọ́. Ó sì ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mo fẹ́ jókòó sílé."

Mo kàn bu tíì kún un.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Mo fi dábínù díẹ̀ rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí bọ̀. Bí ẹ bá dé nígbà Iléyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kí òkúta náà kí ẹ tó kí èmi, kí ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Òun ló mú bàbá wa wálé.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín,
                                        Tuda.