Fèrèsé Tí Kò Dá Ẹnikẹ́ni Lóhùn

Ilé Bàbá Ọmọ́túndé,
Odò-Ọjà,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Tinúọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì tí mo jókòó sí, ìwé ni mo gbé lé itan tí mo fi ń kọ̀wé. Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ? Ṣé ojú kì í dùn ọ́ mọ́? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí ara ti dá ṣáṣá, kí ó sì bá àwọn ará ilé yín nínú ẹ̀rín. Ní tèmi, mo wà láàyè. Ohun tí mo lè fi ẹnu mi sọ nípa ara mi nìyẹn.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹkún mi. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, tí ìyá mi bá ti ọjà dé, tí ó ti jókòó, tí ó ti mumi, kí o rọra sọ fún un pé mo ń bọ̀ wálé, mi ò sì ní padà síbí mọ́. Má sọ ọ́ lójú bàbá mi. O rántí ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ nígbà tí ilé-ìwé mi àkọ́kọ́ pa ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa rẹ́, tí mo gbé àpótí mi délé: "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún dá ọ padà, kòkó ń bẹ lóko. Kòkó kì í bi èèyàn ní ìwé-ẹ̀rí."

Wọn kò gbà mí sí ilé-ìwé tuntun yìí bí wọ́n ṣe gba àwọn yòókù. Ọdún kejì ni wọ́n fi mí sí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà mi pé bí mo bá kùnà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé yìí, wọn yóò yọ orúkọ mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo, Tinú. Iṣẹ́ Dókítà Adéwùmí, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa, nìyẹn. Òní la ṣe àfihàn àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni èyí tí wọn yóò fi máàkì sí.

Olúkúlùkù wa ni kí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí olùkọ́ lè lò nínú kíláàsì. Mo ní èmi fẹ́ kó ohùn àwọn àgbà Ìkẹ́rẹ́ jọ, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa gbọ́ èdè wọn bí àgbà ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjèjì ló fẹ́ kó èdè onílẹ̀ jọ! Àmọ́ ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ a máa gbọ́ púpọ̀. Láti oṣù Kejì ni mo ti ń gbọ́ wọn lórí ọ̀kadà àti lẹ́nu kànga, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà oko lọ bá ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ajíbádé. Fún àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ó fi sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè àti bí wọ́n ṣe ń mọ uṣu tí yóò ta dáadáa. Adìẹ ń ké, ọ̀kadà ń kọjá, gbogbo rẹ̀ ló wọ inú ohùn náà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ètò mi ṣe rí. Fèrèsé kan ló máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Bí o bá tẹ èyí tí mo kọ "Tún Ohùn Ṣe" sí, ariwo adìẹ àti ti ọ̀kadà yóò kúrò, ohùn ìyá nìkan ni yóò kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fèrèsé mi ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Mi ò tíì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ètò mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló kọ ọ́. Kò ní ojú, kò ní bọ́tìnnì, àṣẹ tí a bá kọ ránṣẹ́ sí i nìkan ló ń gbọ́. Fèrèsé mi ń rán an níṣẹ́ ni. Bí ìwọ náà ṣe máa ń gbé bùbá ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí ọrùn aṣọ ní òdìkejì títì.

Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbé aṣọ ránṣẹ́, ìwọ a máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. O ń kí oníbàárà, o ń wọn èèyàn, o ń gé aṣọ mìíràn. Fèrèsé tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti rán ètò yẹn níṣẹ́, yóò káwọ́ gbera, yóò dúró sójú kan. Tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Fà á, kò mira. Nígbà tí mo fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta dán an wò, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì padà sípò, mo rò pé kò sí wàhálà. Nígbà tí mo fún un ní ohùn Ìyá Ajíbádé lọ́jọ́ Àìkú, ó dákẹ́, mo sì jókòó tì í láti ìgbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí oòrùn fi rọlẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án. Àwa tí wọ́n tọ́ nílé wa mọ̀ pé bí àgbà bá dákẹ́, ó ń ronú ni, a kì í já lu ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Mo bu ọlá fún ohun tó ti kú.

Lónìí wá ni ìtìjú náà ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Mo tẹ bọ́tìnnì. Fèrèsé funfun báláú. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó dúró fún ìṣẹ́jú méje. Precious, tó jẹ́ aṣojú kíláàsì wa, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Òmùò, ṣé kí á lọ wá pósí ni?" Orúkọ ìlú wa, Òmùò, ni wọ́n fi ń pè mí, mi ò rò pé ẹni mẹ́ta nínú wọn mọ orúkọ mi. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà wá ní, "Ọmọ mi, mi ò lè fi máàkì fún òkú. Bí ó bá tún rí báyìí lọ́jọ́ Ẹtì, òdo ni màá kọ." Ó yẹ kí n béèrè ohun tí mo lè ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo jáde.

Mo ti ń ká aṣọ mi. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi léèrè, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè béèrè rẹ̀. Ìyá Ọmọ́túndé, ìyàwó onílé, ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Jẹ́ kí n lọ wo ohun tó dé.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Tinú, mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Fetí sí ohun tí mo rí lánàá.

Ìyá Ọmọ́túndé ti oko dé, ó ru bàsíà ẹ̀gẹ́ tó kún dé góńgó. Ìwọ náà mọ̀ pé èèyàn kì í dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá dà á nù, yóò fi ọrùn ṣèṣe. Ẹnu ọ̀nà ilé yìí sì kúrú, ẹrù orí kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó dúró níta, ó ń ké pe ọkọ rẹ̀, "Ẹ wá sọ̀ mí o!" Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bo oúnjẹ síwájú, kì í jẹun láìjẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti wọlé.

"Wọlé ná," ni bàbá wí. "Ìwọ ni mo ń dúró dè."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé? Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè!"

"Orúnkún ń ro mí. Bí o bá ti wọlé, màá sọ̀ ọ́."

"Bí ẹ bá ti sọ̀ mí, màá wọlé!"

"Wọlé ná."

"Ẹ sọ̀ mí ná!"

Mo dúró, mo ń wò wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa nínú wọn. Àwọn méjèèjì ń dúró de ara wọn, wọn ìbá sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la. Ni ìyá bá rí mi: "Ìwọ ọmọ Òmùò, sinimá ni? Ọrùn mi ń ṣẹ́ o! Wá sọ̀ mí kí n wọ ulé!" Mo sáré bọ́ síta, mo bá a gbé e sọ̀. Ó gbàdúrà fún mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ké sí mi pé òun nílò ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo padà sínú yàrá, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo sì rí ohun tó ń pa fèrèsé mi. Ètò tí kò ní ojú yẹn a máa sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ ìlà kan sí, ó ń kó àwọn ìlà náà sínú apẹ̀rẹ̀ kan tó wà láàárín òun àti fèrèsé mi. Apẹ̀rẹ̀ náà kò tóbi. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta kò lè kún un. Ohùn àádọ́ta ìṣẹ́jú kún un bámúbámú, ètò náà sì dúró tẹrùtẹrù, ó ń dúró kí fèrèsé mi wá gba ẹrù. Fèrèsé mi ní kí ó parí iṣẹ́ ná, lẹ́yìn náà òun yóò gbà á. Wọlé ná. Ẹ sọ̀ mí ná.

Láàárọ̀ yìí ni mo kọ àtúnṣe rẹ̀: mo fi ètò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gba ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé, fèrèsé fúnra rẹ̀ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni àtúnṣe náà. Ohùn Ìyá Ajíbádé gba inú rẹ̀ kọjá títí dé òpin. Síbẹ̀, Tinú, ẹ̀rù ń bà mí. Bí iná bá lọ lọ́la ńkọ́? Bí ó bá kú lójú wọn lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Mi ò tíì tú àpò mi.

Sátidé, àárọ̀.

Iná kò lọ lánàá. Fèrèsé kò kú. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń dáhùn bí a ti ń tẹ àwọn yòókù. Mo rò pé ó ti parí. Dókítà bá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́rú, òkú ni. Lónìí ó ń jó. Ta ló bá ọ ṣe é? Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ wá síbí, òdo náà ni tiẹ̀." Mo lanu, kò sí ohùn. Mo rí i tí ó gbé bírò rẹ̀ lé ìwé.

Nítorí pé ẹnu kọ̀, mo fi ọwọ́ ṣe é. Mo tẹ̀ síwájú, mo yọ ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, mo tẹ bọ́tìnnì: ó kú. Mo dá wọn padà: ó jí. Dókítà ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Precious ní, "Yéè! Òmùò ti ń jí òkú!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rín yẹn yàtọ̀.

"Ó dáa," ni Dókítà wí. "Kí ló ń pa á?"

Mi ò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Mo ní, "Ẹrù ló wà lórí ẹ̀, sà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó sọ̀ ọ́."

Ó wò mí títí. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. Kò bi mí ní ìtumọ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ ọ̀rọ̀ sọ báyìí, o wá ń wò wá níran láti oṣù Kejì?" Ó kọ nǹkan. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ a máa kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé tó dorí kodò: mẹ́rìndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mo jáde, mo lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, mo sunkún.

Nítorí náà, má lọ bá ìyá mi. Mo wà níbí.

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí o wá ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ tì. Kí abẹ́rẹ́ má gún ọ, kí oníbàárà má wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí a fi ayọ̀ rí ara wa nígbà ọlidé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
Mọ́fẹ́yìsára.

Àfikún: Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, mo ń lọ sí oko Ìyá Ajíbádé láti lọ gbé ohùn rẹ̀ sí i létí. Precious ní òun yóò bá mi lọ. Ó béèrè orúkọ mi kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀.