Wọ́n Ní Mo Ti Dàgbà Jù Láti Pariwo fún Olórin

Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ètò orí rédíò yín yìí, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi; ẹ sáà pè mí ní Màmá Awoyaya.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Mo fẹ́ràn Ọlá Kékeré gan-an ni, ọmọdékùnrin olórin tí àwọn ọ̀dọ́ ń gba tiẹ̀ báyìí. Sátidé tó kọjá, ó wá kọrin ní Lẹ́kí. Mo lọ! Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Bó ṣe rí mi láàrin èrò, ó ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ lókè níbí!" Àǹtí, mo bá a jó lórí pèpéle!

Àwọn èèyàn ya fídíò ijó náà, ó sì ti dé gbogbo fóònù ní Ajah. Àkọ́bí mi obìnrin wá bá mi tìbínú-tìbínú. "Mọ́mì, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti dàgbà ni? Àwọn àna mi rí yín tẹ́ ẹ ń fò sókè láàrin àwọn ọmọdé. Ojú ń tì mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n látìgbà tí bàbá wọn ti kú, n kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Ọlá Kékeré wá ní kí n di Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo ti dàgbà jù lóòótọ́? Ọmọ mi máa ń gbọ́ ètò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, torí mo ti gbà láti di Ìyá Ẹgbẹ́ wọn.