Àga Tó Jìn Jù

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Lónìí ni mo kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá awakọ̀ tí mò ń kàn ní ẹ̀yìnkùlé, irú ti ọkọ̀ òfurufú ogun àtijọ́, tó tóbi bí ojúlówó. Mi ò rí iwájú! Àga náà jìn débi pé dígí wà lókè orí mi.

Délé, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń bá mi ṣe é, mú ayùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé e, ká gbé e ga. Ta ni yóò mọ̀?"

Èmi yóò mọ̀. Pílánù ojúlówó ọkọ̀ náà la tẹ̀ lé. Mo jágbe mọ́ ọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N óò bẹ̀ ẹ́ lọ́la, ṣùgbọ́n ayùn yẹn ò ní kan àga mi.

Ìyàwó mi ló dúró síwájú fọ́tò awakọ̀ òfurufú ayé ìgbà náà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. "Bàbá Títí, ẹrù wo ni ọkùnrin yìí so mọ́ ìdí?"

Páráṣútù tí wọ́n fi ń bọ́ sílẹ̀ láti òkè ni. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí! Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àga fi jìn.

Ó gbé ìrọ̀rí òwú àràbà rẹ̀ wá. Mo tẹ́ ẹ, mo jókòó, ojú mi dé dígí. Mo rí orí ọ̀pẹ títí dé ọ̀nà Lagbé.

"Kí ni èmi yóò wá fi rọrí?"

Mo gbé tèmi fún un. Ọwọ́ ni n óò máa fi rọrí títí ọkọ̀ yìí yóò fi parí.