Gbọ̀ngàn Abẹ́rẹ́ Nínú Kùrukùru

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kùrukùru bo gbogbo ìlú Sialkot lónìí. Láti fèrèsé ọ́fíìsì mi, mi ò rí géètì ilé iṣẹ́ wa. Ohùn àwọn obìnrin nìkan ni mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Mo lè jókòó báyìí títí di ọ̀sán, kí n máa ro ibi tí àwọn bọ́ọ̀lù tí à ń rán níbí ń lọ — etí òkun, pápá tútù, ọmọ kan tí mi ò ní mọ̀ láé tó ń gbá a mọ́ ògiri.

Ọ̀la pè wá sípàdé. (Shahmir Sahib ni, ọmọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀la torí kò lè la ẹnu kó má sọ pé "ọ̀la ti dé".) Àwọn oníbàárà ò fẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ rán mọ́. Èyí tí ẹ̀rọ fi ooru lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fẹ́. Gbọ̀ngàn abẹ́rẹ́ yóò di gbọ̀ngàn ẹ̀rọ, àwọn ọmọbìnrin á kọ́ iṣẹ́ tuntun, àwọn àgbà á gba owó ìdágbére, wọ́n á lọ sílé. Èmi tí mo ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni kí n ṣètò rẹ̀.

Mo béèrè bóyá a lè fi àgbà díẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mísì Nudrat, àánú yín ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Tẹ́ ẹ bá ṣe èyí dáadáa, ẹ̀yin lẹ máa di ọ̀gá ẹ̀ka yín."

Ọ̀gá ẹ̀ka. Mo ń lá a lẹ́nu bíi súìtì títí mo fi délé.

Ìṣẹ́gun, 8

Kùrukùru. Tíì. Ètò. Mo lálàá pé mò ń fò lórí àwọn òrùlé, bàtà ọ́fíìsì ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo lọ jókòó nínú gbọ̀ngàn abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọbìnrin há ẹ̀mú igi tó di awọ bọ́ọ̀lù mú sáàárín orúnkún, wọ́n ń fa okùn sọ́tùn-ún sósì, gbogbo apá ń ṣí, gbogbo apá ń padé. Ó kù díẹ̀ kí oorun gbé mi lọ.

Khala Bashiran wà ní àyè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Khala, àbúrò ìyá — bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, kò sì bá ẹnikẹ́ni tan. Àdúgbò kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ ń gbé, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé wa wá síṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bọ́ọ̀lù tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, agbára káká ló fi ń parí rẹ̀ ká tó ṣíwọ́. Ẹ̀pà ló ń jẹ, ó sì ń fi gbogbo èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó rí mi. "Ìyàwó ọ́fíìsì! Ta ló lé ẹ kúrò nídìí iná tẹ́ ẹ̀ ń yá lókè?" Mo ní òun ni mo wá wò. Ó ní, "Wò mí dáadáa o. Ẹwà yìí ò ní pẹ́ tán."

Àbámẹ́ta, 12

Mo parí ètò náà. Ọ̀la ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn lókè òkun. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14

Mo pe Khala wọ ọ́fíìsì. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí: ayé ń yí, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá a yí. Ó wò mí títí mo fi parí. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun, ọmọ yìí? Ètè ẹ ti gbẹ." Mo buwọ́ lu ìwé ìdágbére rẹ̀, òun náà tẹ̀ka. Ó yọ ọsàn kan lábẹ́ ìborùn, ó gbé e síwájú mi, ó jáde.

Mi ò lè jẹ ẹ́.

Jímọ̀, 18

Àwọn àgbà lọ lónìí. Tíì àti kéèkì. Ẹkún pọ̀. Rafaqat ọmọ Khala fi ọ̀kadà wá gbé ìyá rẹ̀, aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni wá gbé ìyàwó.

Ọjọ́ Ajé, 21

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin bí ọgbọ̀n ló yẹ kó wá. Márùn-ún ló bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ń mí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀la ń rìn sókè sódò. Mo ní kùrukùru ló fà á. Nazeer awakọ̀ ló tú mi fó: "Kùrukùru kọ́ o, Àǹtí. Mo fọn fèrè títí lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn baba wọn ló ń jáde sí mi."

Ìṣẹ́gun, 22

Mo lọ sílé Saima, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá jù. Baba rẹ̀ fún mi ní tíì, kò wo ojú mi. Ó ní, "Iṣẹ́ yín dáa, owó yín ò burú. Àmọ́ ta ni àgbà tó wà níbẹ̀ báyìí? Bashiran ni mo fa ọmọ mi lé lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀yin." Mo ní ọlọ́dẹ wà níbẹ̀, Shahmir Sahib wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn tí òun ń sọ gan-an nìyẹn.

Ilé kejì, bákan náà. Ilé kẹta, wọn ò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Ojú tì mí. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí o. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin kì í jáde láìsí àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ mo jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn, mi ò rí ju obìnrin arúgbó tó ń jẹ ẹ̀pà lọ.

Ọjọ́rú, 23

Ọ̀la kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àgbà? Ṣebí kámẹ́rà wà." Nígbà tó bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, ẹ̀rín tán. Ó ní kí Khala padà. Kó má rán nǹkan kan, kó ṣáà jókòó. Owó oṣù á lé sí i.

Mo fò sókè. Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo ń rí wọn — aṣọ funfun, ẹ̀rọ, àwọn ọmọbìnrin ń rẹ́rìn-ín, Khala lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mo bá Khala nílé rẹ̀, níbi tó ti ń rẹ́ kárọ́ọ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹ fẹ́ máa sanwó fún mi kí n lè máa jẹ ẹ̀pà?"

Lẹ́yìn náà ó wo àgbàlá, níbi tí Rafaqat ti ń fọ ọ̀kadà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Rafaqat ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun lòun ní kí ìyá òun fiṣẹ́ sílẹ̀, pé òun ti tó bọ́ ọ. Wọ́n ti ń kí i kú oríire ní mọ́ṣáláṣí. "Tí mo bá tún gbé ìborùn jáde lọ́la, wọ́n á ní kò lè bọ́ ìyá ẹ̀. Nudrat, mi ò lè dójú ti ọmọ mi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dárúkọ àwọn ọmọbìnrin tó jókòó sílé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́ kárọ́ọ̀tì lọ. Ó ní àwọn ọmọ òun ni wọ́n. Àmọ́ kò dìde.

Àìkú, 27

Oòrùn! Èmi àti Baba mi gun orí òrùlé, a ń jẹ ọsàn. Ojú mi ń tòògbé, ara mi rọ̀. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí: "Rafaqat kí mi lẹ́yìn ìrun. Ó ní ìyá òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀. O ò sọ fún mi." Ó bó ọsàn mìíràn. "Ó yá, ìwọ náà sinmi nílé."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní, "Baba, mo kàwé. Mo ní ọ́fíìsì tèmi. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá."

Ó ní òun mọ̀, inú òun sì ń dùn sí i. "Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, mo ti kọ̀. Bashiran ló wá bá mi níbí yìí, ó ní òun á máa mú ẹ lọ, òun á máa mú ẹ bọ̀. Torí òun ni mo ṣe gbà. Àbí o rò pé ìwé ẹ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé mi ni mo rò. Mo sunkún, mo bínú, mo jágbe mọ́ Baba fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ó ní kí n rọra, àwọn ará ilé kejì ń gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 28

Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa. Baba ló jáde sí i.

Lọ́sàn-án, Ọ̀la pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹ̀rọ wà lófìfo, ta ló ní kí n má wá síṣẹ́, ta ló dá mi dúró?

Mo ní, "Èmi ni, sà. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé ìdágbére náà."